Igi inú ilé mi tó wà nínú òkúta amọ̀ ń kú lọ nínú òtútù yìí, ẹ gbà mí

Àdùkẹ́ Peckham
Ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará.

Oṣù Kẹsàn-án ni mo kó igi inú ilé mẹ́rin kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ sínú òkúta amọ̀ róbótó tí wọ́n ń pè ní LECA, nítorí kantíkantí tó gba gbogbo pálọ̀ mi. Kantíkantí lọ lóòótọ́. Àmọ́ látìgbà tí òtútù ti wọlé ni nǹkan ti dojú rú. Ewé mẹ́ta ti pọ́n lórí monstera. Peace lily ń dorí kodò lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ omi wà nídìí ẹ̀. Ojú òkúta tó wà lókè ti funfun bí ìgbà téèyàn wọ́n iyọ̀ sí i. Lánàá mo rọra fa money plant jáde wò: gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí omi orí ògì tí wọ́n gbàgbé láti pààrọ̀.

Money plant yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ìyá mi ló gbìn ín lọ́dún 2019 nígbà tí wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ. Wọ́n ti di olóògbé. Mi ò fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ojú fèrèsé ni gbogbo wọn wà, híítà sì wà lábẹ́ fèrèsé náà. Omi ẹ̀rọ ni mò ń bu sí i, ó máa ń dé ìdajì ìkòkò. Ajílẹ̀ olómi tí mo ń lò nígbà iyẹ̀pẹ̀ náà ni mo ṣì ń lò. Ìkẹrin wọn, snake plant, nìkan ni kò tíì yí padà.

Ṣé kí n dá wọn padà sínú iyẹ̀pẹ̀ ni?

Bàbá Ìbejì, Manchester
Ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má dá nǹkan kan padà. Ọdún kẹta rèé tí tèmi ti wà nínú LECA, mi ò sì rí funfun kankan lórí ẹ̀ rí. Ó jọ pé ẹ ò fọ òkúta yín dáadáa kẹ́ ẹ tó lò ó ni, eruku amọ̀ ló ń funfun bẹ́ẹ̀. Ẹ kó o jáde, ẹ fọ̀ ọ́ nínú asẹ́ títí omi á fi mọ́ gaara, kẹ́ ẹ wá rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ má da omi ìfọ̀ rẹ̀ sínú síńkì o, á dí páìpù. Ìta ni kẹ́ ẹ dà á sí.

Ní ti òtútù, omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ máa bu sí i láàárọ̀ kí gbòǹgbò lè móoru.

Màmá Ẹléwé, Croydon
Ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá

Bàbá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa síńkì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n funfun yẹn kì í ṣe eruku. Eruku LECA pọ́n bí amọ̀ tí wọ́n fi mọ ìkòkò. Ohun tó fà á tí ẹ̀yin ò fi rí i ni pé Manchester lẹ wà. Láti adágún Thirlmere àti Haweswater ní Lake District ni púpọ̀ nínú omi yín ti ń wá, omi tó rọ̀ ni. Omi tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ olókùúta ẹfun ló gbà kọjá. Àdùkẹ́, ọmọ mi, ṣí kẹ́tùlù rẹ, wo ìdí ẹ̀. Nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ló wà lórí òkúta rẹ, iyọ̀ inú ajílẹ̀ sì tún dà pọ̀ mọ́ ọn.

Wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Amọ̀ yìí, wọ́n sun ún nínú iná tó tó 1,200 lórí ìwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ wú, ó sì di oníhò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn. Nítorí náà ó ń fa omi láti ìdí ìkòkò sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Tí omi bá dókè, ooru híítà á gbẹ ẹ́. Omi á lọ, iyọ̀ á dúró. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, títí iyọ̀ á fi pọ̀ débi tí á máa jó gbòǹgbò tó bá kàn án. Lójú ẹ̀ẹ̀rùn ewé pọ̀, igi ń mu, kì í tètè burú. Ní ìgbà òtútù igi kì í mu tó bẹ́ẹ̀, híítà nìkan ló ń mu.

Ohun tí wàá ṣe: gbé ìkòkò tó ní ihò sínú básíà, da omi lé òkúta lórí kó ṣàn jáde nísàlẹ̀, ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, da omi yẹn nù. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni èmi ń ṣe tèmi láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta. Se omi tí wàá lò, jẹ́ kó tutù, kó o rọra da ojú rẹ̀ tó mọ́ sínú ike, fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Òjò ò sì wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé garawa síta. Má lo omi tó gba inú ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ sọ omi di rírọ̀, sódíọ̀mù inú ẹ̀ kò dáa fún igi.

Omi tó dé ìdajì ìkòkò ti pọ̀ jù. Gbòǹgbò ń mí. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìkòkò ti tó nígbà òtútù. Peace lily rẹ tó ń dorí kodò kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, gbòǹgbò tí yóò fi mu omi ló ti rà.

Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn, ẹ jọ̀ọ́ Bàbá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Omi tó ti wà nínú ilé láti àná, tí kò tutù tí kò sì gbóná, òun ni.

Ó wá ku money plant ìyá rẹ. Lónìí ni kó o ṣe é, má dúró dé òpin ọ̀sẹ̀. Wo ara igi rẹ̀ níbi tí ewé ti yọ, wàá rí kókó kékeré kan tó dúdú díẹ̀ tó rí bí ẹnu àbẹ́rẹ́ tó kú. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò tuntun ti máa ń jáde. Nu ọ̀bẹ pẹ̀lú spírítì, gé e nísàlẹ̀ kókó yẹn ní ìwọ̀n ìka kan. Tí ojú ibi tó o gé bá ṣì dúdú, gé e sókè sí i títí wàá fi rí àwọ̀ ewé tútù. Fi í sínú ife omi, kókó kan tàbí méjì ni kó wọnú omi, ewé kankan ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Má bu ajílẹ̀ sí i. Pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Gé ju ẹyọ kan lọ, kó o lè ní òmíràn tí ọ̀kan bá kọ̀.

Olóko Chicago
Ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi kún un, mo sì fẹ́ ta ko ibì kan, ẹ má bínú.

Idá mẹ́rin yẹn kò bá gbogbo ilé mu. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni híítà tiwa níbí ń fẹ́ láti ihò ara ògiri. Ní oṣù Kìíní, ọ̀rinrin inú ilé mi máa ń já sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi omi sí idá mẹ́rin lọ́dún àkọ́kọ́, amọ̀ òkè gbẹ táútáú, gbòǹgbò kéékèèké tó wà láàárín ìkòkò rọ bí òwú. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo ń lò báyìí, mo sì máa ń jẹ́ kí omi ìdí ìkòkò gbẹ tán lọ́jọ́ kan tàbí méjì kí n tó tún bu òmíràn. Ẹ lo ìkòkò tó hàn gaara tàbí ike tí èèyàn lè rí inú ẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí amọ̀ ṣókùnkùn dé. Ibi tó ṣókùnkùn ni omi dé. Ojú yín ló máa sọ iye omi fún yín.

Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tó ń pa igi yín jù, lérò tèmi, ni ojú fèrèsé yẹn. Èmi fi ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru ẹran nínú ààrò gún inú amọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Inú yàrá jẹ́ 20 lórí ìwọ̀n Celsius, inú ìkòkò tó wà létí gíláàsì jẹ́ 13. Omi tó ń gbẹ lára amọ̀ ń mú un tutù, bí ìkòkò àmù ṣe ń mú omi mímu tutù nílé bàbá wa. Ẹ wo àmù, ẹ wo LECA, nǹkan kan náà ni. Monstera ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nínú òtútù báyẹn. Ewé rẹ̀ lókè ń gba ooru híítà, ó ń fẹ́ omi, gbòǹgbò nísàlẹ̀ ti tutù jù, kò lè fún un. Ẹ gbé wọn kúrò lójú fèrèsé, ẹ fi nǹkan sábẹ́ ìkòkò, kọ́ọ̀kì tàbí pákó, má jẹ́ kó jókòó lórí mábù lásán.

Tí ẹ bá gbé e kúrò, ìmọ́lẹ̀ á dín kù, ẹ máa ra iná. Oṣù Kejìlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán kò ju bíi wákàtí mẹ́jọ lọ. Ní Èkó ó lé ní mọ́kànlá àti ààbọ̀ lóṣù yìí kan náà. Gílóòbù LED funfun lásán náà ṣiṣẹ́, kò dìgbà tí ẹ bá ra aláwọ̀ àlùkò. Kó jìnnà sí ewé tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kó máa tàn fún wákàtí 12, kí ó sì kú lálẹ́.

Ewé Ń Jẹ́, Ìbàdàn
Ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé yín láìfèsì.

Níbí a ò ní òtútù yín ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dé. Ó ń gbẹ nǹkan bíi ti híítà yín. Ètè ń la, ewé náà ń la létí. Ohun tí mo ń lò dípò LECA, tó gbówó lórí, ni àpáàdì. Mo gba ìkòkò tó fọ́ lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò, mo fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo jọ eruku rẹ̀ kúrò. Àpáàdì náà ti kojú iná rí, kí ló kù tí LECA ní?

Ajílẹ̀ tèmi, NPK 15-15-15 ni, ṣíbí kékeré kan nínú garawa. Ẹ dán an wò.

Snake plant tí ẹ ń sọ yẹn, irú ọ̀já ìkookò tiwa ni. Igi ilẹ̀ wa ni, kò ní kú fún yín bọ̀rọ̀. Ní Brazil, espada de Ogum ni wọ́n ń pè é, idà Ògún. Ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó bu omi sí i.

Olóko Chicago
Ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, àpáàdì dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ kàn kíyè sí i pé etí ẹ̀ mú, ó lè gé gbòǹgbò, kò sì fúyẹ́ bíi LECA. Àyè afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kéré sí i tí ẹ bá fọ́ ọ kúnná jù. Kó tóbi tó ẹ̀wà, kó má kéré sí i.

Ẹ má tíì sọ fún wọn pé kí wọ́n lo NPK oko o. Nínú ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ iyẹ̀pẹ̀, yúríà tàbí ammonia ni náítírójìn inú ẹ̀. Nínú ilẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ló ń yí i padà di ohun tí igi lè jẹ tán. Inú amọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, wọn ò sí níbẹ̀ tó. Á kàn jókòó sínú omi, á máa rùn, á sì máa jó gbòǹgbò. Ajílẹ̀ tí wọ́n ṣe fún gbígbin nǹkan nínú omi ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí náítírójìn rẹ̀ jẹ́ nitrate, tó ní kálísíọ̀mù àti magnesium nínú. Amọ̀ yìí kò ní oúnjẹ kankan nínú, ohun tí ẹ bá fún un nìkan ni igi ń jẹ.

Ewé Ń Jẹ́, Ìbàdàn
Ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá

Ó yé mi. Ìyẹn ló fà á tí ata mi fi jó létí ewé lọ́dún tó kọjá. Ọyẹ́ ni mo dá lẹ́bi.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé, Glasgow
Ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ra àpò LECA kan, mo ní philodendron méjì nínú iyẹ̀pẹ̀. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí?

Bàbá Ìbejì, Manchester
Ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá

Má bẹ̀rẹ̀. Dúró dé ìparí oṣù Kẹta. Gbòǹgbò inú iyẹ̀pẹ̀ kì í gbé inú omi pẹ́, púpọ̀ nínú wọn á kú, igi á sì ní láti hu tuntun. Nínú òkùnkùn Glasgow lóṣù yìí, agbára wo ni yóò fi hu ú? Àdùkẹ́ náà, oṣù Kẹsàn-án tó kó tiẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀.

Màmá, ẹ ṣeun fún àlàyé omi. Mo ṣí kẹ́tùlù wa wò lánàá, ó ń dán. Mo ti fi omi gbígbóná sílẹ̀.

Màmá Ẹléwé, Croydon
Ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Ìbejì nípa igi odindi. Ṣùgbọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀dé lè gé ẹ̀ka kan sínú omi báyìí tó bá ní iná. Gbòǹgbò tó bá hù nínú omi ti mọ omi láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní í jìyà tó bá wọ inú amọ̀. Kó jẹ́ kí ìyá igi wà nínú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kó máa rẹ LECA rẹ̀, kó máa pààrọ̀ omi ẹ̀. Kò sí ohun tó ń lé e.

Chicago, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ nípa idá mẹ́ta fún ilé tó gbẹ. Ilé tèmi lọ́rinrin, fèrèsé ń sunkún láàárọ̀. Ní ti ajílẹ̀ ńkọ́? Èmi kì í fún wọn rárá nínú oṣù Kejìlá àti Kìíní.

Olóko Chicago
Ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá

Èmi ń fún wọn, Màmá, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ike. Abẹ́ iná wákàtí 12 ni tèmi wà, wọ́n ń yọ ewé tuntun, tí mi ò bá fún wọn, ewé ìsàlẹ̀ á pọ́n. Tiyín ò ní iná, wọ́n ti sùn, ẹni tó ń sùn kì í jẹun. Kí Àǹtí Àdùkẹ́ wo orí igi: tí ewé tuntun bá ń yọ, kó fún un ní ìdajì. Tí kò bá yọ, omi lásán.

Àdùkẹ́ Peckham
Ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo gé money plant sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kan dúdú dókè pátápátá, mo ní láti jù ú nù. Méjì wà nínú ife lórí fìríìjì, ibẹ̀ móoru díẹ̀. Mo fọ amọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí Màmá ṣe wí, omi àkọ́kọ́ tó jáde dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Mo ti gbé gbogbo wọn kúrò lójú fèrèsé, mo ra iná kan.

Nǹkan tuntun: lẹ́yìn ewé monstera mo rí ohun tó dà bí eruku pupa, òwú tín-ín-rín sì wà láàárín ewé àti ẹ̀ka. Mo fi ìka nù ún, ó ń rìn.

Màmá Ẹléwé, Croydon
Ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá

Kòkòrò atawú nìyẹn, spider mite. Ooru gbígbẹ ló ń mú kí wọ́n pọ̀, irú èyí tó wà nídìí híítà. Gbé e lọ sí ilé ìwẹ̀ lónìí. Fi ọ̀rá bo ẹnu ìkòkò kí ọṣẹ má wọ inú amọ̀. Fi omi ṣàn án láti ẹ̀yìn ewé, kó lágbára díẹ̀, lẹ́yìn náà fi aṣọ tó ní ọṣẹ olómi díẹ̀ nu ẹ̀yìn gbogbo ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o tún fi omi ṣàn án. Ẹyin wọn kì í kú pẹ̀lú ọṣẹ, ìdí nìyẹn tó o fi gbọ́dọ̀ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, kó o sì tún un ṣe lẹ́yìn márùn-ún mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní kò jẹ́. Ya monstera yẹn sọ́tọ̀ títí wàá fi ṣe é tán.

Bàbá Ìbejì, Manchester
Ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá

Ìyàwó mi ní kí n fi kún un pé fífín omi sára ewé ní gbogbo ìgbà kò lè pa kòkòrò yẹn, omi yẹn kì í pẹ́ gbẹ. Ẹ kó igi pọ̀ sójú kan, ìyẹn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ jù. Monstera aláìsàn nìkan kó dá wà.

Àdùkẹ́ Peckham
Ọjọ́ 2, oṣù Kejì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Peace lily kú, òótọ́ ni kí n sọ. Nígbà tí mo tú u, kò sí gbòǹgbò kan tó le nídìí ẹ̀ mọ́. Monstera dúró, ewé méjì mìíràn já ṣùgbọ́n ó ń yọ òmíràn, ó ká róbó bíi sìgá. Mi ò rí òwú mọ́ lẹ́yìn ìfọ̀ kẹta. Snake plant ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Money plant ìyá mi: ọ̀kan dúró bó ṣe wà, kò kú, kò hù. Ìkejì ti yọ gbòǹgbò funfun méjì. Ọmọ tí wọ́n wá wẹ̀ nígbà yẹn ló ń tọ́jú ife rẹ̀ báyìí, òun ló ń pààrọ̀ omi. Lónìí ó mú rúlà iléèwé rẹ̀ wá, ó wọ̀n ọ́n láti ara gíláàsì, ó ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó gbé sínú amọ̀.

Màmá Ẹléwé, Croydon
Ọjọ́ 2, oṣù Kejì

Sọ fún un pé kò tíì tó. Kó dúró kí gbòǹgbò kéékèèké yọ lára méjì yẹn bí ẹ̀ka igi, ìgbà yẹn ni kó gbé e. Kó rẹ amọ̀ mọ́jú kó tó lò ó, kí omi ìdí ìkòkò kan ẹnu gbòǹgbò lásán. Kó má sì da ìkejì nù. Tèmi kan jókòó sínú omi fún oṣù mẹ́ta kó tó hù.